Ṣé Ó Ti Pẹ́ Jù Láti Lọ Kọ́ Fisiotẹ́rápì?

Ìbéèrè kan ti ń di lemọ́lemọ́ láàárín àwọn ìdílé wa ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni ọdún 35, tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera Ìjerò níbí, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé láti ọdún pípẹ́, á ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní yunifásítì. Ọkọ rẹ̀ á wò ó, á ní, "Màmá Ìbejì, ta ni yóò wá máa tọ́jú ilé?" Àwọn ẹbí á ní ọmọ ló yẹ kó máa rán lọ sí ilé ìwé, kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà rín, ṣùgbọ́n a rí i pé ó tó kí a jókòó tì í.

Iṣẹ́ tí à ń wí yìí ni ìtọ́jú tí a fi ń dá agbára padà sínú iṣan àti oríkèé ara. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tí ọ̀kadà dá lẹ́sẹ̀, ọmọ tí kò tètè rìn, àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, gbogbo wọn ló nílò rẹ̀. Ìgbóbì ní Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn òyìnbó méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni fún oyè rẹ̀ ní ọdún 1966. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ọ ní Ifẹ̀, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe ní agbègbè wa. Bí ẹ̀gbà bá kọlu bàbá, a ó gbé e láti ilé àdúrà kan dé òmíràn, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi àgbo ra á lára, oṣù mẹ́fà á kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Nígbà yẹn, ọwọ́ ti ká, orúnkún ti gan. Àwa tí à ń bẹ aláìsàn wò kò ní dẹ́kun àdúrà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò bá gbé nílẹ̀ a máa gan ni. Ẹni tó lè fi èdè Èkìtì bá bàbá náà sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbìyànjú àtirìn, irú rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ti ọjọ́ orí, JAMB sọ iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó wọlé, èyíinì ni 16. Kò sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó gboyè, wọn kò ní kó lọ sin ilẹ̀ bàbá mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Nítorí náà, kí ni ẹnìkan ń wá lọ sí kóòtù láti búra ọjọ́ orí èké? Láti ọdún 2021, nọ́ńbà NIN ni JAMB fi ń forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ ìbí sì wà níbẹ̀.

Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni òkè ńlá. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ọ̀pọ̀ arábìnrin wa ló ní mẹ́ta, tí Físíìsì sì ti sá fún wọn láti ilé ìwé gíga. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí wọ́n má fi JAMB bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan péré ni èsì JAMB ń lò, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí WAEC kì í kú. Kí a fi ọdún kan gbáko kọ́ Físíìsì àti Kẹ́mísírì, kí a ṣe ìdánwò àwọn tí kò sí ní ilé ìwé, kí a tó gba fọ́ọ̀mù JAMB. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí màmá fúnra rẹ̀ kọ́ ní Sunday School lánàá ni yóò jẹ́ tíṣà rẹ̀, kó má tijú. JAMB fúnra rẹ̀, ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí méjì lórí kọ̀ǹpútà, ogójì ìṣẹ́jú àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò pàdánù àkókò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn rò pé ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera yóò gbé wọn wọ ipele kejì tààrà, tí wọ́n ń pè ní Direct Entry. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló mọ ìwé tó ń gbà, ó sì wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB. Ẹ má gba ti ẹnu àgbọ̀.

Kí tọkọtaya wá jókòó, kí wọ́n ka ọdún. Ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọdún márùn-ún, tàbí mẹ́fà ní ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di oyè dókítà fisiotẹ́rápì, lẹ́yìn èyí ni ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé ní 36 yóò di 42 tàbí 43 kó tó parí, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ẹ rántí ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi oṣù mẹ́jọ yanṣẹ́ lódì. Síbẹ̀, ẹni 43 ṣì ní ọdún 17 kó tó pé ọgọ́ta. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó rí ìgbaniwọlé. Kó kọ́kọ́ béèrè ìyọ̀ǹda láti lọ kàwé. Owó àyálò akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kò ní èlé, ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí wa: ẹni tó bá gba Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti Iléṣà lè máa padà wálé lópin ọ̀sẹ̀.

Kí a tó náwó kankan, ẹ lọ sí Ìdó-Èkìtì, kí ẹ tọrọ àyè láti jókòó wo iṣẹ́ náà fún ọjọ́ kan. Ẹ wo bí wọ́n ti ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ kan. Kí ẹ sì bi àwọn tó ń ṣe é léèrè bí ẹ̀yìn tiwọn náà ti ń ṣe wọ́n.