Ọnà, Eré àti Orin ní Lycée Wa: Ta Ni Yóò Kọ́ Wọn, Kí Ni Wọn Yóò Sì Lè Sọ?

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sópin ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá a kó ara wọn jọ láti ṣe kaléta. Ọ̀kan a gé páálí ṣe ìbòjú, òmíràn a bẹ ìyá rẹ̀ fún aṣọ tó ti gbó, ẹlòmíràn a sọ agolo wàrà di ìlù. Wọn a yan ẹni tí yóò jó, ẹni tí yóò lé orin, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú owó. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ń rìn títí ọdún tuntun yóò fi wọlé. Kò sí olùkọ́ kan tó kọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní máàkì. Ní oṣù Kìíní, àwọn ọmọ kan náà a padà sí collège, wọn a sì jókòó síwájú ìwé àkókò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kún fọ́fọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, kò sí wákàtí kan nínú ìwé náà tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwa tí a ń kọ́ni mọ ìdí rẹ̀. Ìṣirò ní coefficient tirẹ̀, físíìkì ní tirẹ̀, èdè Faransé àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti mọ bí a ṣe ń ṣírò wọn. Ó mọ ibi tí ó ti yẹ kí òun làágùn àti ibi tí òun lè sùn. Nínú àwọn série A, B, C àti D tí àwọn ọmọ wa ń torí wọn pa fìtílà lóru, kò sí ọ̀kan tí iṣẹ́ ọnà, eré orí ìtàgé tàbí orin jẹ́ òpó rẹ̀. Ìjọba Benin ti gbé classes culturelles kalẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn tí classes sportives ti ṣáájú. A dúpẹ́, a kò sì ní fi ojú tín-ín-rín wo ilẹ̀kùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí kò tí ì sọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn pé orílẹ̀-èdè tó fún wa ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ti yí tirẹ̀ padà. Ní Faransé, láti ìgbà tí bac tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021, akẹ́kọ̀ọ́ lycée lè mú orin, eré orí ìtàgé, ijó, iṣẹ́ ọnà tàbí sinimá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ pàtàkì tirẹ̀, títí dé orí eré cirque. Ní apá kejì, ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ṣe ní iṣẹ́ ọnà àti orin nínú, bí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn ló ní olùkọ́ tó lè kọ́ wọn. Ẹ wo Ìlárá, ìlú tí ààlà pín sí méjì nítòsí Kétu. Ọmọ tó wà ní apá Nàìjíríà lè fi iṣẹ́ ọnà ṣe ìdánwò ńlá; ìbátan rẹ̀ tó wà ní apá tiwa, tí wọ́n jọ ń wo eégún kan náà, ń gbé ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sílé kó tó lọ sí kíláàsì.

Eré orí ìtàgé kì í ṣe àlejò ní ilé ẹ̀kọ́ tí Faransé dá sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Dahomey sì wà lára àwọn tó là á sílẹ̀. Ní 1933, ní École William Ponty, èyí tó wà ní erékùṣù Gorée ní Senegal nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ṣe eré kan lórí ìpàdé ìkẹyìn láàárín Béhanzin, ọba Abomey, àti Bayol, aṣojú ìjọba Faransé. Láti ìgbà náà, eré di àṣà ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí ìsinmi ọdún bá dé, a máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé pẹ̀lú iṣẹ́: kí wọ́n bi àwọn àgbà ìlú wọn léèrè nípa ìtàn, orin, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé náà, tí à ń pè ní Cahiers Ponty, wà ní ìpamọ́ ní Dakar títí di òní. Láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni eré ti ń jáde. Ní 1937, ẹgbẹ́ òṣèré wọn dé Paris, wọ́n sì ṣe Sokamé, eré tí àwọn ọmọ Dahomey kọ, ní Théâtre des Champs-Élysées. Bernard Dadié ti Côte d'Ivoire gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni Keita Fodéba ti Guinée, ẹni tó dá Ballets Africains sílẹ̀.

Àwa kì í fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tó rán ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà pẹ̀lú ìwé àti gègé ṣe ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ lónìí. Síbẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣe eré náà, níwájú àwọn aláṣẹ amúnisìn. Aṣọ wà níbẹ̀, ìlù wà, ijó wà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé kí òṣèré kọjú sí gómìnà, kó sì sọ ohun tí ará ìlú ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n gba ijó, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu sílẹ̀ ní abúlé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìyá àti bàbá wa dá sílẹ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣe iyebíye fún gbogbo ọmọ ènìyàn. Ní 2008 ó wọ inú àkọsílẹ̀ àjọ náà ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Àwọn ará Kétu ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn ní tiwọn láti sọ, a kò sì ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín.

Agbẹ́gilére ni olùkọ́ ọnà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọ̀nà líle ni àkọ́kọ́: àáké a la igi títí orí, ojú àti ohun tó wà lókè gèlè yóò fi hàn. Àlétúnlé tẹ̀lé e, níbi tí a ti ń tún ìrísí náà ṣe títí imú yóò fi di imú. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ọ̀bẹ ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà fínfín, tí ilà ojú, irun àti ìpéǹpéjú ń jáde. Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń ṣe, ọmọ ń wò. Ọmọ ń ṣe, òun náà ń wò. Ère yìí kì í sì í dúró sí ayé àtijọ́: a ti rí alùpùpù lórí rẹ̀, a ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ, a ti rí ọkọ̀ òfúrufú.

Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ a jáde. Yóò júbà àwọn ìyá, yóò súre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ẹnu lé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ ní gbangba: ẹni tó jẹ owó àjọ, ẹni tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì, ọkọ tó sọ aya rẹ̀ di ìlù. Èrò a gba orin náà, wọn a sì gbé e délé. Ijó ìbòjú ń bẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń ka ìwé yìí, ẹ rántí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ló ń gbé ère, nítorí àwọn ìyá ni gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ní olórí obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí ọkùnrin.

Nígbà náà, ta ni kí a gbé síwájú kíláàsì? Ìwé ẹ̀rí ni ilé ẹ̀kọ́ ń wò kó tó san owó wákàtí. Agbẹ́gilére tó ti lo ogójì ọdún nídìí igi kò ní BEPC. Bí a bá fi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní licence rọ́pò rẹ̀, a ó gba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, a ó há a sórí, a ó sì gba máàkì, láìfọwọ́ kan igi. Lójú tiwa, ẹni méjì ni wákàtí náà ń fẹ́: olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń ṣètò kíláàsì ọlọ́mọ ọgọ́ta, àti ọ̀gá ọnà tí a ó san owó tirẹ̀ fún láìbi í ní ìwé ẹ̀rí. Kí a má sì tan ara wa: awo wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò yẹ kó dé àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, àwọn òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí sì wà tí ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, ni kí a kọ́kọ́ bá jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Bí a ṣe ń gbẹ́ igi, bí a ṣe ń ṣe orin, bí a ṣe ń lu ìlù: ìwọ̀nyí nìkan ti tó ọdún mẹ́ta.

Àìsí owó kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Romuald Hazoumè, ọmọ ìdílé Yorùbá tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, mú bídọ̀n tí wọ́n fi ń kó epo kpayo láti Nàìjíríà, ó sì sọ ọ́ di ìbòjú: ihò tí à ń gbà da epo di ẹnu, ọwọ́ tí a fi ń gbé e di imú. Ní 2007 ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel ní Jámánì. Kò sí collège kan láàárín Pobè àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò lè rí ogún bídọ̀n tó ti fọ́.

Olùkọ́ èdè pàápàá yóò jèrè. Púpọ̀ nínú wa tó gba ẹ̀kọ́ Faransé ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: accent tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ń sọ irú fáwẹ̀lì tí a ń pè, kò sọ bóyá ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nítorí náà, ojú wa rí àmì, etí wa kò gbọ́ ọ. Ẹ fún ọmọ ní gángan. Ẹ jẹ́ kó fi ìlù pe ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Cotonou, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Bí ó bá fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn a gòkè; bí ó bá tú u sílẹ̀, ohùn a wálẹ̀. Kò tún ní béèrè ohun tí àmì ń ṣe lórí lẹ́tà.

Eré orí ìtàgé ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kò sí ẹ̀kọ́ mìíràn tó lè bá a ṣe. Ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ọ̀ṣọ́ ọba 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Dodds kó ní Abomey ní 1892. Ní 2022 a pàtẹ wọn sí palais de la Marina ní Cotonou, ọ̀pọ̀ kíláàsì sì tò lọ wò wọ́n. Ère Glèlè wà lára wọn, ọba tó ní ara kìnnìún. Lójú ọmọ Abomey, bàbá ńlá ló padà délé. Lójú ọmọ Kétu, ọba tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fọ́ ìlú Kétu ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí ìgbèkùn, ni. Igi kan náà, ọnà tó rẹwà lójú àwọn méjèèjì. Olùkọ́ ìtàn lè kọ ọdún náà sára pátákó. Orí ìtàgé nìkan ni ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Abomey wá ti lè ṣe ìyá Kétu tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri nínú eérú, kí ọmọ Kétu sì wọ aṣọ ọmọ ogun tó mú ọmọ náà. A kò rò pé ó rọrùn. A rò pé lycée ló yẹ kó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Ṣùgbọ́n bí a óò bá kọ́ wọn, kí a gbà pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Ní collège kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, a ṣètò ọjọ́ àṣà ní ìparí ọdún. Àwọn ọmọ 3e ṣe orin ẹ̀fẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀kan wà lórí ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ tó ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí ti dá owó àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí a mú ìwé orin wá kí òun kà á. Ó fi bíìrò pupa pa ìlà méjì tó kan owó náà rẹ́, ó sì dá ìwé padà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, orin ń lọ geere títí ó fi dé ibi tí a parẹ́. Akọrin pa ẹnu mọ́. Ọmọbìnrin tó ń lu gángan kò dáwọ́ dúró; ó lu ìlà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ orin yẹn lójú ọ̀nà ilé, kò sì sí ìyá kan tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ìlù ń wí. Ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó gba orin náà ní ohùn òkè, àwọn tó kù sì bá a gbè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ àwọn òbí ní kí a fi ìwé ìnáwó hàn wọ́n. A ti tún ẹ̀rọ omi náà ṣe. Ọjọ́ àṣà ti ọdún yìí kò tí ì sí lórí ìwé àkókò, a sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì.