Àtìpó, Òfin Ìjọba àti Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́: Àyẹ̀wò Àṣẹ Gánà (1969) àti ti Nàìjíríà (1983)

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ojú tí ó yẹ kí Onígbàgbọ́ fi wo òfin tí ìjọba fi ń gba àtìpó wọlé, tí ó sì fi ń lé e jáde. Àwọn kan ní ìfẹ́ ọmọnìkejì kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnubodè. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìjọba kò kan ìjọ. Èrò tiwa ni pé Ìwé Mímọ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba (Róòmù 13), ṣùgbọ́n ó fún àṣẹ náà ní òṣùwọ̀n.

2. Àṣẹ méjèèjì

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba K. A. Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ejìgbò àti Ọ̀ffà, ni ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, ṣùgbọ́n Gánà gan-an ni a bí àwọn mìíràn sí nínú wọn. Busia jẹ́ gbajúmọ̀ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì; àwọn oníṣòwò Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó fìdí ìjọ Onítẹ̀bọmi múlẹ̀ ní Gánà. Ará nínú ìgbàgbọ́ ni ó lé ará.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari náà kéde ní oṣù Kìíní, 1983, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan; ará Gánà ni ó pọ̀ jù. Pàṣán tí a fi nà wá ni àwa náà fà yọ lájà.

3. Òṣùwọ̀n Ìwé Mímọ́

Lẹ́fítíkù 19:33-34 ní kí a fẹ́ àtìpó gẹ́gẹ́ bí ara wa, nítorí pé Ísírẹ́lì ti ṣe àtìpó rí ní Íjíbítì. Ìrántí ni ìpìlẹ̀ òfin yìí, kì í ṣe àánú lásán. Íjíbítì tiwa kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí a gbàgbé rẹ̀. Bákan náà, Diutarónómì 1:16 fún àtìpó ní ẹ̀tọ́ kí onídàájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn kan lè fi Ẹ́sírà 10 gbe lílé àjèjì lẹ́sẹ̀. Ìtàn náà le lóòótọ́. Síbẹ̀, níbẹ̀ pàápàá, àwọn èèyàn náà fúnra wọn sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè parí láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, a sì yan àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù mẹ́ta ni ó gbà wọ́n. Adájọ́ wo ni ó lè gbọ́ ẹjọ́ mílíọ̀nù kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

4. Àtúnṣe

Àdéhùn Àjọ ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè àjọ náà ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Ó tún pàṣẹ pé kí a dáàbò bo ẹrù ẹni tí a bá ń lé. Àdéhùn ti 1986 ka lílé òṣìṣẹ́ àtìpó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ léèwọ̀: kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àṣà ìṣákọ́lẹ̀, bí ìjà bá dé láàárín onílẹ̀ àti àgbẹ̀ àtìpó, iwájú àwọn àgbà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.

5. Ìkádìí

Ohun tí ó yẹ kí ìjọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba, nígbà gbogbo, nìyí: àkókò tí ó tó, ìgbẹ́jọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ààbò fún ohun ìní. Ìjọba tí ó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ní kí àjèjì máa lọ, kí ó má sì ṣẹ̀.