Pupa Wo? Ọ̀rọ̀ Àwọ̀ Nínú Iṣẹ́ Kíkun Ère Kékeré Lọ́dà

Ó ti pẹ́ tí orúkọ àwọ̀ ti jẹ́ kókó àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Láti ọdún 1969 tí Brent Berlin àti Paul Kay ti tẹ ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ jáde ni a ti máa ń gbọ́ pé èdè kan ní mẹ́ta, òmíràn ní mọ́kànlá, bí ẹni pé iye yẹn ni a ó fi mọ ohun tí èdè lè ṣe. Yorùbá, tí funfun, pupa àti dúdú jẹ́ ìpìlẹ̀ fún, kì í ga lórí irú àkàbà bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ojú iṣẹ́ ọwọ́ kan wo ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ tí àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo ti lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni. Iṣẹ́ náà ni kíkun ère kékeré àti àwòṣe ọkọ̀ inú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lọ́dà fún oníbàárà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ibi kan tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ gidigidi. Ní 1979 ni a dá Citadel Miniatures sílẹ̀ ní ìlú Newark, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Games Workshop. Ní 1987 ni eré Warhammer 40,000, tí Rick Priestley ṣe, jáde. Eré ogun orí tábìlì ni. Ọjọ́ iwájú tó jìnnà réré ni ó dá lé. Ọmọ ogun inú rẹ̀ kan kò ju nǹkan bí mìlímítà 28 sí 35 lọ ní gíga. Àdàlù òjé ni wọ́n fi ń rọ wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ike ló pọ̀ jù lónìí. Ọdún 1987 yẹn kan náà ni ìdíje Golden Demon bẹ̀rẹ̀, tí a fi ń yẹ́ àwọn tó mọ ère kùn sí. Ẹni tó ra ère ni ó yẹ kó kùn ún, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan lè pọ̀ tó ọgọ́rin, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àkókò tàbí ọwọ́ fún un. Ibẹ̀ ni oníṣọ̀nà tó ń fi í ṣe oúnjẹ òòjọ́ ti wọlé.

Ká má tàn ara wa, ìmọ́lẹ̀ ni oníṣọ̀nà yìí ń kùn ju àwọ̀ lọ. Ère tó kéré tó báyìí kò lè ní òjìji tó hàn ketekete bí ti ènìyàn tó dúró nínú oòrùn. Ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń fi òjìji àti ìtànṣán sí i. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ère náà, tí a sì ti fún un ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí èyí tó kù yóò lè dì mú, a ó fi omi la ọ̀dà àwọ̀ gan-an, a ó sì kùn ún, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ. Ọ̀dà ṣíṣàn tó dúdú ló kàn, tí yóò ṣàn lọ dúró sínú kòtò àti ojú ìlà. Bí ó bá gbẹ, a ó fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ kan ibi tó yọrí nìkan, títí dé etí ìhámọ́ra, níbi tí ìlà rẹ̀ yóò ti tín-ín-rín bí irun. Àwọ̀ kan ṣoṣo tí oníbàárà dárúkọ ti di mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwòṣe ọkọ̀. Nínú àwòṣe tí íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, bí a bá lo ọ̀dà gan-an tí a fi kun bàálù tòótọ́, yóò ṣú jù lójú. A ní láti fi funfun là á. Ti ọkọ̀ ogun tòótọ́ tilẹ̀ rọrùn, nítorí láti 1927 ni Jámánì ti ní ìwé àwọ̀ RAL, tí ó fi nọ́ńbà rọ́pò iyàn jíjà. Ọkọ̀ òfurufú inú fíìmù Star Wars ti 1977 kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ègé àwòṣe táńkì àti bàálù ni àwọn tó kọ́ ọ kó lẹ̀ mọ́ ọn lára, iná ilé àwòrán ni a sì fi rí àwọ̀ rẹ̀. Ẹni méjì tó wo fíìmù kan náà lè máà rí eérú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ọmọ Yorùbá kan gbé ọgọ́rin ọmọ ogun fún oníṣọ̀nà, tó ní, "Ẹ bá mi kùn wọ́n ní pupa." Nínú eré tí a dárúkọ yìí, ìhámọ́ra Blood Angels pupa bí ẹ̀jẹ̀, ti Imperial Fists dà bí èso ìyeyè tó pọ́n. Yorùbá lè pe méjèèjì ní pupa, bí a ti ń pe epo àti ẹni tó mọ́lẹ̀ lára. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọ̀ ìyeyè ni àwọ̀ tó burú jù láti tún ṣe: kò lè bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí a tó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di ìyeyè, àfi kí a fi oògùn bó gbogbo ọ̀dà náà, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ta ni yóò san owó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ṣòfò?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú mọ́kànlá rẹ̀, kò bọ́ nínú ewu yìí. Ìdí nìyẹn tí Citadel fi pe ọ̀dà rẹ̀ ní Blood Red, Snot Green àti Bleached Bone: ẹ̀jẹ̀, ikun imú, egungun tí oòrùn sá. Kí ni èyí bí kò ṣe ohun tí Yorùbá ń ṣe nígbà tó bá ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú sánmọ̀? Ní 2012 ni ilé-iṣẹ́ náà pa orúkọ wọ̀nyí dà. Snot Green di Warboss Green, àwọn oníṣọ̀nà sì ń lo àtẹ tó ń túmọ̀ orúkọ àtijọ́ sí tuntun. Lójú tiwa, ti àtijọ́ sàn jù. Ẹni tí kò rí ike ọ̀dà náà rí ṣáà mọ bí ikun imú ti rí. Ẹni tí kò mọ ìtàn inú eré kò mọ Warboss.

Àwọn ahunṣọ wa ti yanjú irú ìṣòro yìí tipẹ́. Sányán, àlàárì àti ẹtù kì í ṣe orúkọ aṣọ lásán. Wọ́n ń fi àwọ̀ hàn wá. Ẹni tó bá ní kí a kun ìhámọ́ra bí àlàárì ti yọ ìyeyè kúrò láìjiyàn. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi fòò àti rúsúrúsú tún ń ṣe iṣẹ́ tí nọ́ńbà RAL kò ṣe. Pupa fòò ń sọ fún oníṣọ̀nà pé kó má fi ìdọ̀tí ogun àti ìpẹtà kàn án. Rúsúrúsú fún un láyè láti pa á kú díẹ̀. Fọ́tò nìkan kò tó, nítorí gílóòbù yàrá lè sọ funfun di sányán.

Nítorí náà, oníṣọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa gba àsansílẹ̀ owó, a sì kọ àwọ̀ àti ohun tí a fi wé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ère kan péré ni yóò kọ́kọ́ kùn. Bí oníbàárà bá gbà á, ère yẹn ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lámpù títí iṣẹ́ yóò fi parí, a ó sì máa fi mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó kù wé e níkọ̀ọ̀kan.