Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí Fat City Cycles ṣe kógbá sílé

Nígbà kan rí, Fat City Cycles jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí wọ́n ń gùn nínú igbó àti lórí àpáta. Chris Chance ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982 ní Somerville, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jó irin fíréèmù níbẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù nínú kẹ̀kẹ́ wọn ni Yo Eddy. Apá méjèèjì fọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, ki, wọ́n sì tọ́ gbọnrangandan, wọn ò tẹ̀ síwájú bíi ti kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ọ̀dà rẹ̀ a máa tàn yanran, àwòrán ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni àwòrán náà o; iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

Nígbà tó yá, ọjà yí padà. Fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì gbòde, alumíníọ́mù ń gba ipò irin, fíréèmù olówó pọ́ọ́kú sì ń wọlé láti Taiwan. Lọ́dún 1994 wọ́n ta Fat City, wọ́n kó o lọ sí South Glens Falls, ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́. Ẹ̀rọ ṣeé kó sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kò bá a lọ. Àwọn kan nínú wọn dá ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tiwọn, Independent Fabrication, sílẹ̀ lọ́dún 1995. Lẹ́yìn náà, Fat City ti ilẹ̀kùn.

Ní nǹkan bí ọdún 2015, Chance tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Yo Eddy, pẹ̀lú owó tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá jọ lórí ìkànnì Kickstarter.