Ìjókòó Jẹ́ẹ́ Lẹ́bàá Iná Pupuru

Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń ṣe pupuru, tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní róbótó, tí wọ́n sì ń tò ó sókè iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́, yóò mọ̀ pé sùúrù ni olórí èlò iṣẹ́ náà. Ẹni tí ń ṣọ́ iná kò lè lọ síbì kan. Ọkàn rẹ̀ ni í rìn, tí yóò máa ro ti ọmọ, ti ọjà, àti ti ọ̀rọ̀ àná tí kò tíì fèsì sí. Níbẹ̀ ni èrò jíjinlẹ̀ ti ń hù, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti gbòde ní Nàìjíríà, ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń dínkù ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, bí ó ti ń dínkù káàkiri ayé. Ní 2014, Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní àwọn nìkan fún ìṣẹ́jú 15, láìsí nǹkan kan nítòsí àfi bọ́tìnì iná mànàmáná. Nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 fi iná náà ta ara wọn lára kàkà kí wọ́n kàn jókòó ronú. Pé ó ṣòro fún ènìyàn báyìí láti jókòó pẹ̀lú èrò ara rẹ̀ dùn mí púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní kò sí ohun tí òun ń ṣe, ẹ má sáré na fóònù sí i.