Àìná Ọnàbólú: ta ló ní aláwọ̀ dúdú ò lè yàwòrán?

Lónìí, tá a bá fẹ́ ya fọ́tò, fóònù la máa yọ, a tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, kí aláwọ̀ dúdú fi ọ̀dà ya ojú èèyàn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé a ò lè ṣe é.

Àìná Ọnàbólú ló já wọn nírọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Kò rí olùkọ́ kankan, àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò dà kọ. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage l'Ékòó, àwòrán náà sì di ìlúmọ̀ọ́ká.

Nígbà tó di 1920, ó lọ sí St John's Wood Art School ní London. Ẹni ọdún 38 ni o! Ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, títí kan King's College àti CMS Grammar School, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni bí nǹkan tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí títì tó fẹ̀ níwájú wa ṣe ń tín-ín-rín lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Perspective lòyìnbó ń pè é, làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní "Mr Perspective".

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ẹnì kan lọ. Ó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, bí Kenneth Murray ṣe dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 nìyẹn. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ síra. Murray ní kí àwọn ọmọ dúró ti iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn. Ọnàbólú ní tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí òyìnbó mọ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa ní kò tọ́ sí wọn.

Ta ló jàre? Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni. Murray ló kọ́ Ben Enwonwu, òun náà ló sapá títí mùsíọ́mù Oníkan fi ṣí ní 1957. Ṣùgbọ́n ká ní Ọnàbólú ò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ni, ta ni ìjọba ì bá rán wá?

Ọnàbólú kú ní 1963. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n kọ́ yín ní àwòrán yíyà nílé ìwé, àbí wọ́n ní kò lówó lórí? Ẹ fohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.