Nọ́ḿbà Tẹlifóònù Nínú Ilé-Iṣẹ́ Ẹlẹ́ka Púpọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà tẹlifóònù rí ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀, tí ó sì fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsan ju owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Mo bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, Èkó àti Àkúrẹ́, olúkúlùkù sì ti ka nọ́ḿbà tirẹ̀ láti orí 100. Akọ̀wé ni 101 ní Ìbàdàn, mẹ́séńjà ni ní Èkó, ọ̀gá pátápátá sì ni ní Àkúrẹ́! Ẹ̀rọ kò mọ ojú ènìyàn. Nọ́ḿbà nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà a fi fígọ̀ kan síwájú: 2 fún Ìbàdàn, 3 fún Èkó, 4 fún Àkúrẹ́. Bí ẹ̀rọ Èkó bá ti gbọ́ 2, ó mọ̀ pé Ìbàdàn ni ìpè ń lọ. A kò jẹ́ kí nọ́ḿbà inú ilé kankan fi 0 bẹ̀rẹ̀, nítorí pé 0 ni nọ́ḿbà fóònù alágbèéká fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn kan fẹ́ kí fígọ̀ mẹ́ta ṣì máa ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tí ó jọ wà nínú ilé kan. Mo kọ̀. Bí ẹ̀rọ Ìbàdàn bá gbọ́ 210, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá 210 inú ilé ni, tàbí 2101 tí kò tíì pé? Yóò dúró de fígọ̀ kẹrin, ẹni tí ń pè yóò sì rò pé ẹ̀rọ ti kú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni 112, nọ́ḿbà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì. Mo tẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti tì pa ni fóònù ti ń dún! Bí iná bá ń jó ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, kò sí nọ́ḿbà inú ilé tí ó fi 1 bẹ̀rẹ̀ mọ́. A sì rí i pé 112 ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gba wáyà ìlú tirẹ̀ jáde, kí ó má baà jẹ́ pé Èkó ni wọn yóò ti máa wá iná tí ń jó ní Ìbàdàn.

Ó yẹ kí àyè ṣẹ́kù pẹ̀lú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 01 di 071 àti 081 ní 1990, wọ́n di 0171 àti 0181 ní 1995, gbogbo rẹ̀ sì tún di 020 ní 2000. Ẹ wo iye pátákó àti ìwé tí wọn yóò ti tún tẹ̀! Àwa fi 5 títí dé 9 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì sí Iléṣà, 5 ni a fún un.